Àwo Tí Kò Gba Ọbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tọrọ ààbò ná. Nílẹ̀ wa níbí, láti Kétu dé Pọbẹ̀, láti Ṣàkẹ́tẹ́ dé Ìfọ̀nyìn, ẹni tó bá gbé Ẹ̀fẹ̀ jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lè bú ìjòyè, ó lè bú olówó, ó lè bú ẹni tó yá a lówó lánàá, ilẹ̀ á mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní mú un. Ohun tí ìlú bá sì fi ń ṣe fáàrí ni agbẹ́gilére ń gbẹ́: orí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ru alùpùpù rí, ó ti ru ọkọ̀ òfúrufú, ó ti ru ẹ̀rọ ìránṣọ. UNESCO gan-an kéde rẹ̀ lọ́dún 2001 pé iṣẹ́ ńlá ni, ẹnu wa sì ti níwèé àṣẹ láti ìgbà náà. Abẹ́ ìwé àṣẹ yìí ni mo dúró sí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀run wá sí Ìgànná. Bó bá bínú, kó lọ fẹjọ́ sun UNESCO.

Ìgànná tí mo ń wí kì í ṣe ti Òkè-Ògùn ní Ìwájọ̀wà o, àwọn yẹn ní ẹjọ́ tiwọn. Tiwa ni ti abẹ́ Pọbẹ̀, níbi tí fóònù kì í ti í mọ ọmọ orílẹ̀-èdè tóun jẹ́. Jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Nàìjíríà á fi Gẹ̀ẹ́sì kí ọ káàbọ̀. Sún àga sẹ́yìn díẹ̀, Benin á fi Faransé kí ọ káàbọ̀. Wọ balùwẹ̀, kò sẹ́ni tó kí ọ mọ́. Àwọn ìbátan wa ní Ìdìrókò ń pè é ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwa ń pè é ní rẹ́sò. Orúkọ ló di méjì, àìsí rẹ̀ ò yàtọ̀.

Kí àwo tó dé, òkìtì ọ̀gán kan tó wà lẹ́yìn ọgbà ọ̀pẹ ni ibi ìtẹ̀láago wa. Ìdí tí rẹ́sò fi yan ibẹ̀, ikán nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ pe Kútọnu á gun ọ̀gán, á na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni tí sójà dá dúró, á wá máa pariwo, torí ó dá a lójú pé bí ohùn òun bá ṣe lọ sókè tó ni yóò ṣe yá a tó láti dé. Gbogbo ìlú ló ń gbọ́. Orí ọ̀gán yẹn la ti mọ ẹni tó jẹ gbèsè ní Àjàṣẹ́. Orí ẹ̀ la ti mọ ọkọ tó níyàwó kejì ní Ìfọ̀nyìn. Orí ẹ̀ náà ni ọmọkùnrin kan ti ń sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé inú búrò òun lòun ti ń sọ̀rọ̀, kí ewúrẹ́ tó dá sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti gun ọ̀gán tiyín rí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kútọnu títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó wálé, ó kọ́lé síbi tí ọ̀nà ti parí, tí òkété ti bẹ̀rẹ̀. Ilé náà jìnnà débi pé alùpùpù zém tó bá gbé ọ débẹ̀ á gba owó àlọ, á gba owó àbọ̀, á tún gba owó ìbánikẹ́dùn. Ohun tó wí fún wa ni pé ìsinmi lòun ń wá, pé atẹ́gùn oko lòun fẹ́, pé ariwo Kútọnu ti sú òun. Lọ́jọ́ kẹta ló bi ìyá wa pé níbo ni kọnẹsọ̀n wà. Ìyá wa na ọwọ́ sí ọ̀gán. Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀gán, ó wo ikùn ara rẹ̀, ó wo ọ̀gán padà. Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn oko ti tán nílẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà náà ló gbọ́ nípa Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀run náà. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ gbà á nílẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kìíní ọdún 2023. Benin ṣílẹ̀kùn fún un ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Pretoria ni wọ́n bí Elon Musk tó ni ín sí, àmọ́ lọ́jọ́ tí àwa ní Benin ti ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀kọ, Gúúsù Áfíríkà tó bí ọkùnrin náà ò tíì fún un níwèé àṣẹ. Bó ti wù kí ọmọ lówó tó, ilé bàbá rẹ̀ á ní kó lọ gba fọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe fún òun ní Ìgànná.

Páálí rẹ̀ dé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹta ọdún 2024, lẹ́yìn zém, tí wọ́n fokùn dè é bí ewúrẹ́ tó ń lọ ọjà. Èrò ti pé. Wọ́n ti sọ fún wa pé àwo ni, àwo la sì ń retí: ohun róbótó tó jinú, bíi ti Canal+ tó ń bẹ lórí òrùlé àwọn tó rí jájẹ. Ohun tó jáde pẹrẹsẹ, ó funfun, onígun mẹ́rin, gígùn rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 50 sẹ̀ńtímítà, ìbú rẹ̀ ò ju bí 30 lọ. Ààfáà wò ó, ó ní wálàá ni, pé ẹ̀gbọ́n wa ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kéwú, Ọlọ́run á gbà á. Ìyá alákàrà ní àtẹ ni, ó béèrè bóyá wọ́n ń tà á lẹ́yọ. Babaláwo àdúgbò wa mirí títí, ó ní ọpọ́n ni, pé òyìnbó ti tún gbé tiwa.

Ẹ má tíì fi bàbá yẹn ṣẹ̀sín. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì tí wọ́n gbé láti Àládà tiwa níbí, ó sì ti dé ọ̀hún kí ọdún 1660 tó wọlé. Onígun mẹ́rin ni, gígùn tirẹ̀ náà sì fi díẹ̀ lé ní 50 sẹ̀ńtímítà. Àwo Musk, ọpọ́n Àládà: ìkan náà ni wọ́n ń ṣe. Méjèèjì ló ń tẹjú mọ́ ọ̀run. Méjèèjì ló ń ròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíì fún ẹni tó jókòó sílé. Méjèèjì ni kì í sọ̀rọ̀ bí owó ò bá tíì sílẹ̀.

Ìyá wa nìkan ló béèrè ìbéèrè tó ní láárí.

"Ṣé ó ń gba ọbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Rárá, Màmá."

"Àwo tí kò gba ọbẹ̀, lo kó owó àgbàdo lé lórí?" Ó wọlé lọ.

Wọ́n gbé àwo lé ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún un níná. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ṣàdédé gbórí sókè fúnra rẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, bí àgbàlagbà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ò fi lọ̀ ọ́. A lé ní ọgbọ̀n tí a dúró síbẹ̀. Bàtà nìkan ló kù. Ààfáà ló ṣíwájú, babaláwo tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí. Mi ò tíì rí ọjọ́ tí ẹ̀sìn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kò sá, ó ń ka ìwé rẹ̀. Ó ka á dé ibi tí wọ́n ti sọ pé àwo náà lè mú ara rẹ̀ gbóná, kí yìnyín tó bá dì lé e lórí lè yọ́. Yìnyín! Ní Ìgànná, níbi tí ògiri gan-an ń làágùn! Ẹ̀gbọ́n ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ronú, ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé ilá tó fẹ́ sá wá.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni igi. Àwo yìí kì í fẹ́ kí ohunkóhun dí òun lójú. Èèyàn á gbé fóònù sókè, á fi kámẹ́rà rẹ̀ gbá ojú ọ̀run láti ìkángun kan dé ìkángun kejì, fóònù á wá sọ ibi tó mọ́ àti ibi tí ẹ̀ka gbé wà. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí ṣe é ni ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo Mùsùlùmí Ìgànná ń wá oṣù Ààwẹ̀. Wọ́n rí àgbà ọkùnrin kan tó wọ jalamíà funfun, tó dúró láàárín àgbàlá, tó gbójú sókè, tó ń yí bírí bírí, tó wá lọgun pé, "Mo rí i! Mo ti rí i o!" Ẹ̀ka máńgòrò ló rí. Kí a tó là á yé ara wa, ìdajì àdúgbò ti ń wá oúnjẹ sààrì.

Bàbá wa ló gbin máńgòrò yẹn. Ó dúró wámúwámú sí ọ̀gangan ibi tí àwo fẹ́ máa wò, ó sì so wọ̀ǹtìwọnti lọ́dún náà bí ẹni pé wọ́n ti sọ fún un. Ẹbí jókòó. Ẹ̀gbọ́n ní kí a gé e. Ìyá wa ní kí a ti ọrùn òun bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wá fi sùúrù là á kalẹ̀: ó ní sátẹ́láìtì Canal+ tí Màmá mọ̀ yẹn, ọba ni, ó jókòó sójú kan ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè, ẹni tó bá fẹ́ rí i ni yóò kọjú sí i. Bí o bá gba irú ọ̀nà yẹn bá èèyàn sọ̀rọ̀, o lè ti gbàgbé ohun tí o bi í kó tó dá ọ lóhùn. Àwọn ti Starlink ò lọ jìnnà, bí 550 kìlómítà péré ni. Kútọnu sí Malanville lé ní 700, nítorí náà, bí ọ̀kan bá ń kọjá lórí ilé wa, ó súnmọ́ wa ju bí Malanville ṣe súnmọ́ Kútọnu, kò sì sẹ́ni tó na okùn dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó. Wọ́n ń sá eré bí 27,000 kìlómítà ní wákàtí kan, wọ́n ń yí gbogbo ayé ká kí wákàtí méjì tó pé. Bí ọ̀kan bá ti ń wọ̀, òmíì á yọ, ojú àwo gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé wọn, ẹ̀ka ò sì gbọ́dọ̀ sí láàárín.

Ìyá wa gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Eré tí wọ́n ń sá tó yẹn, wọn ò lè yà fún igi?"

Ẹbí tú ká. A ò gé igi. Ẹ̀gbọ́n lọ ra ọparun mẹ́ta, ó so wọ́n pọ̀, ó gbé àwo lé e lórí títí ó fi ga ju máńgòrò lọ. Ilé wa wá ga ju ṣọ́ọ̀ṣì, ó ga ju mọ́sálásí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ọparun á mì, àwo á mì, ẹni tí ẹ̀gbọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nínú fídíò á ní, "Tọ́ntọ́n, ṣé inú ọkọ̀ ojú omi lẹ wà ni?"

Àwo ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lórí òpó tí iyì fi dé bá a. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta, àwọn wáyà abẹ́ òkun já lápá Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kútọnu wọ́lẹ̀. Èkó ń mí gúlegúle. Àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà inú ilé alájà mẹ́rin ń wo fóònù bí ẹni tó ń wo òkú, wọ́n ń pa á, wọ́n ń tàn án, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n. Ní Ìgànná, lábẹ́ máńgòrò, ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wo fídíò. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní Kútọnu pè é, ẹni tí kò pè é rí láti ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ó kí i, ó kí ìyàwó, ó kí oko, ó wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀: jọ̀wọ́, ìwé kan wà tí kò ṣeé fi ránṣẹ́ níbí, òun ti gbọ́ pé ọ̀dọ̀ yín ń ṣiṣẹ́, báwo lòun ṣe lè ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀pà mì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá ọ̀gán kan gùn."

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti ṣeé bá sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá ń rìn, bí ẹni tó ru àwo náà lórí ló ń rìn. Àwọn ọmọdé sì fún un lórúkọ, Bàbá Aláwo. Ẹ pè é kíákíá, kí ẹ gbọ́ ohun tó dà. Kò pé oṣù kan tí obìnrin kan fi wá láti Towé pẹ̀lú obì méjì àti igba fráǹkì, ó kúnlẹ̀, ó ní ewúrẹ́ òun ti sọnù, kí bàbá bá òun wò ó. Ẹni tó ti jókòó sídìí tábìlì ìjọba fún ọgbọ̀n ọdún ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó mówó dání padà. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ sínú Google. Ó fún ojú pọ̀, ó ka ohun tó rí, ó ní kó lọ wò ó níbi tó ti jẹun kẹ́yìn. Wọ́n bá ewúrẹ́ nínú oko ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ kejì, èèyàn mẹ́rin.

Babaláwo gangan gbọ́. Ó fi ọ̀pá rìn wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọdún mẹ́rìndínlógún lòun fi kọ́ṣẹ́, pé ta ló tẹ ẹ̀gbọ́n mi nífá, ta ni ojùgbọ̀nà rẹ̀, ọjọ́ wo ló wọ igbó? Ẹ̀gbọ́n ní òun kò wọ igbó, òun kàn ń san owó oṣù. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ na ara wọn. Ìyá wa ló là wọ́n: kí ẹ̀gbọ́n dá obì padà, kó sì fún bàbá ní kóòdù. Láti ìgbà náà, bí babaláwo wa bá ní Ifá ní òjò ń bọ̀ lọ́la, ẹ ká aṣọ yín.

Kóòdù yẹn náà ní ìtàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò ní fi ọjọ́ ìbí òun ṣe kóòdù bíi tiyín (bẹ́ẹ̀ ni, tiyín, a mọ̀). Ó ní ìjìnlẹ̀ Yorùbá lòun máa lò. Ó mú ọkọ, ó mú ọkọ́, ó mú oko, ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó ní ẹni tí kò bá gbọ́ èdè dénú, ìta ni yóò sùn. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe ní òun ò gba àmì lórí, òun ò gba àmì nísàlẹ̀, kí wọ́n bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ohun tó ṣẹ́ kù ni okookooko, bí ìgbà tí àdàbà bá ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ẹ̀gbọ́n ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ń pe kóòdù fún àlejò, ó ṣì ń pè é pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀, tìlù-tìfọn.

Olùkọ́ kan wà ládùúgbò wa tó ń kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹni tó lè fi òru ọjọ́ kan ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ó gbọ́ kóòdù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe tọ́: ẹsẹ̀ níbi tó yẹ, ohùn òkè níbi tó yẹ. Ilẹ̀kùn tì. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kọkànlá, ó ń làágùn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò fàmì sí ọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀, tẹ oko lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọlé. Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ ń kọ "e ku ojo meta" ránṣẹ́ sí mi láìfi nǹkan kan bò ó lórí, láìfi nǹkan kan bò ó nísàlẹ̀, tí ẹ ń rán ọ̀rọ̀ jáde níhòòhò nínú ọyẹ́, ẹ jó. Ọjọ́ yín dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀lẹ wọlé, olùkọ́ wà níta.

Ẹ wá wo bí ìfẹ́ ìyá wa ṣe gbilẹ̀. Èèyàn tí kò yà kí i láti ìgbà ìsìnkú bàbá wa, ojoojúmọ́ ló ń yà báyìí. "Màmá, ẹ kú ilé, a ní ká wá wò yín ni." Ojú ti wà lórí fóònù kí ẹnu tó pa dé. Wọ́n á jókòó lábẹ́ máńgòrò láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n á béèrè àlàáfíà Màmá nígbà tí fídíò bá ń dúró dè wọ́n, bí fídíò bá ti ṣí, kí Màmá kú síbẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin gbé ìdánrawò wọn wá síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ olóṣèlú gbé ìpàdé wọn wá síbẹ̀. Ọ̀gán dá wà, ikán nìkan ló kù níbẹ̀, àwọn ìyá ọjà sì ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀: wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ wọn, kò séèyàn tó mọ ẹni tó jẹ gbèsè mọ́.

Ẹ sì tún wo ohun tí à ń fi àwo náà ṣe. Ọmọkùnrin kan wà tó fi oṣù méjì wo fídíò àwọn ará Màléṣíà lórí bí wọ́n ṣe ń gbin ọ̀pẹ. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pọbẹ̀, iwájú rẹ̀ ló ń gbà lọ ọjà. Mo bi í pé ṣé ó ti wọ ibẹ̀ rí. Ó ní ibẹ̀ jìnnà. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní aago mẹ́fà àárọ̀, á mú àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ "Ẹ káàárọ̀, ire á jẹ́ tiwa" sí, á fi ránṣẹ́. Òdòdó yẹn á gòkè 550 kìlómítà, á bá sátẹ́láìtì tó ń sáré kọjá, á tún sọ̀ kalẹ̀, á gba inú wáyà àti ẹ̀rọ mi ò mọ iye, á tún gòkè, á tún sọ̀, á wá dún kíní nínú fóònù ìyàwó rẹ̀ tó ń dáná ní ilé ìdáná, ní ìṣísẹ̀ méje sí i. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Mo ti rí i."

Iná ni kò jẹ́ kó gbádùn. Láti ọdún 2007 ni wáyà ńlá 330 kílófóòtì ti ń gbé iná wá láti Ìkẹjà sí Ṣàkẹ́tẹ́. Ṣàkẹ́tẹ́ o, ìtòsí wa níbí! Iná náà ń dé ẹ̀bá wa bí ọba tó ń kọjá: a ń dọ̀bálẹ̀, kì í wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ra ẹ̀rọ amúnáwá, ó ń bu kpayo sí i, epo fàyàwọ́ Nàìjíríà tí kò ṣeé fọwọ́ bà mọ́ láti ìgbà tí Tinubu ti yọwọ́ ìjọba kúrò lórí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ó tún lọ ra pánẹ́ẹ̀lì oòrùn. Ẹ ṣà á jọ: sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà, epo Nàìjíríà, pánẹ́ẹ̀lì Ṣáínà, ọparun Ìgànná. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọparun nìkan ni kì í béèrè owó.

Kò sí ìgbà tí fídíò bá dúró tí kì í sí arúfin. Ẹ̀gbọ́n ti kà pé ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjì láti ara oòrùn ba nǹkan bí 40 nínú 49 sátẹ́láìtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sókè, wọ́n jóná kí wọ́n tó dúró dáadáa. Látìgbà náà, bí nǹkan bá ti ń fà, oòrùn ló ń wò lójú kọ̀rọ̀. Kò wo ìsàlẹ̀. Máńgòrò bàbá wa ti yọ ẹ̀ka tuntun, ó ti gòkè bá ọparun, ó ń fi ewé nu àwo lójú. Èmi mọ ẹni tó ń bomi rin ín lóru, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ni mí.

Ìyá wa yìí kan náà o. Àbúrò rẹ̀ kan wà ní Libreville láti ogójì ọdún sẹ́yìn, ohùn nìkan la fi ń mọ̀ pé ó wà láàyè. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n pè é, ojú rẹ̀ yọ nínú fóònù, àwọn arúgbó méjèèjì ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyá wa dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó bu ọbẹ̀ ilá sínú àwo, ó gbé e síwájú kámẹ́rà.

"Ṣé o rí i? Mo ṣì ń sè é."

Àbúrò rẹ̀ fojú sún mọ́ ọn. Ó ní, "Epo rẹ̀ pọ̀ jù."

Wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n fi jà lórí epo. Àwo ò já lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó tán, ìyá wa jáde, ó wo orí ọparun, ó ní kí wọ́n bá òun wẹ ẹ́, ó ti dọ̀tí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, agbẹ́gilére kan yà kí Màmá. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó sọ àwo kalẹ̀ kóun rí i dáadáa. Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé: 550 kìlómítà, Pretoria, Malanville. Ọkùnrin náà ń gbọ́, ó ń fi ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ wọn gígùn àwo, ó ń fi ọ̀bẹ sàmì sí i. Ó wọn ìbú. Ó wọn ẹsẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n dákun kó dé fìlà rẹ̀ bó ṣe máa ń dé e bó bá ń lọ sọ́jà, ó wọn fìlà. Ó wo ikùn rẹ̀ pẹ́, kò wọn ìyẹn, ó jọ pé ó ti há a sórí. Ó gba kóòdù, ó ya fọ́tò kan láti iwájú, ó ní kí ẹ̀gbọ́n kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ya ìkejì.

Ẹ̀gbọ́n mi tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ṣé inú ìwé ìròyìn lẹ fẹ́ gbé e sí?"

Agbẹ́gilére ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kà á."

Mo la ẹnu. Ìyá wa tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ àga.